Bí Mo Ṣe Ka Ọ̀rún Mẹ́fà

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọ ilé kọ̀ǹpútà yunifásítì wa nígbà yẹn, ẹnu ọ̀nà ni yóò ti bọ́ bàtà. Wọ́n ní eruku ń ba ẹ̀rọ náà jẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni o, akọ̀wé ni o, ẹni tó wá gbálẹ̀ ni o, gbogbo wa là ń fi ìbọ̀sẹ̀ tàbí ẹsẹ̀ lásán rìn níbẹ̀, nínú òtútù ẹ̀rọ amúlétutù kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa nínú ọgbà náà. Mo kórìíra bàtà bíbọ́ yẹn. Ó máa ń ṣe mí bíi pé oyè dókítà mi ni wọ́n ní kí n gbé sílẹ̀ kí n tó wọlé. Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́ lọ́dún 1986.

Olúdọ̀tun Owólabí ni orúkọ mi, ọmọ bíbí Ìkẹ́nnẹ́, olùkọ́ ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀. Obì gbànja ni Àjọkẹ́ ìyá mi tà tó fi rán mi lọ sílé ìwé títí mo fi ré òkun kọjá. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, àwọn aláṣẹ ní kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan bá ilé kọ̀ǹpútà da iṣẹ́ pọ̀, kí a ṣe ìwádìí tí ará ìlú lè rí lò, yàtọ̀ sí èyí tí à ń kọ tí a sì ń tò sórí pẹpẹ. Mo dìde láàrin ìpàdé, mo ní obì ni èmi ó ṣe. Mo ní kò sí ẹni tó lè kọ́ mi ní ohunkóhun nípa obì, nítorí pé inú apẹ̀rẹ̀ obì ni wọ́n tẹ́ mi sí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Inú mi dùn sí àtẹ́wọ́ náà ju bó ṣe yẹ lọ.

Ohun tí mo fẹ́ wádìí kò le. Bí wọ́n bá ti bó obì, tí wọ́n fọ̀ ọ́, tí omi ara rẹ̀ gbẹ, inú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n tẹ́ ewé gbòdògì sí ni wọ́n ń kó o sí. Ó ní ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ pé kí wọ́n tó ṣí i, kí wọ́n ṣa èyí tó ti bàjẹ́ kúrò, kí wọ́n sì pààrọ̀ ewé. Bí wọ́n bá yára ṣí i jù, obì á gbẹ. Bí wọ́n bá pẹ́ jù, á móoru, kòkòrò á jẹ ẹ́. Ọjọ́ wo gan-an ló dára jù lọ? Mo rìn kiri láti Sàgámù dé Ìpẹ̀rú, láti Ìkẹ́nnẹ́ dé Ìrólú, mo bi ọgọ́ta obìnrin olóbì. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní ọ̀rún mẹ́fà. Àwọn mìíràn ní márùn-ún, àwọn díẹ̀ ní méje. Ọjọ́ ọjà ni wọ́n fi ń ka tiwọn, láti ọjà kan dé òmíràn sì ni ọ̀rún kan.

Kọ̀ǹpútà kò mọ ọ̀rún, nítorí náà èmi ni mo sọ ọ́ di ọjọ́ lórí ìwé ìbéèrè mi. Ọ̀rún kan, ọjọ́ márùn-ún. Ọ̀rún mẹ́fà, ọgbọ̀n ọjọ́. N kò tilẹ̀ dúró rò ó. Mo fi bírò dúdú kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà, mo kó ìwé náà lọ sílé kọ̀ǹpútà.

Ṣìkẹ́mi Afọláyan ni wọ́n fún mi pé kó máa bá mi tẹ iṣẹ́ náà. Òun ló máa ń jókòó sídìí ẹ̀rọ tó ń lu ihò sára káàdì páálí, káàdì yẹn ni kọ̀ǹpútà sì ń kà. Ó tó ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ọmọ Ìrólú, ó sì máa ń wọ súwẹ́tà búráùn kan lé aṣọ rẹ̀ nítorí òtútù. Ọwọ́ rẹ̀ yá. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Lásúnkànmí, ọ̀gá ilé kọ̀ǹpútà, sọ fún mi pé òun kò rí ẹni tó ń tẹ iṣẹ́ bíi tirẹ̀ rí, àti pé bó bá fi di ọdún tó ń bọ̀, òun fẹ́ kí wọ́n rán an lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò fún ẹ̀rọ náà.

Lọ́jọ́ kẹta tó ti bẹ̀rẹ̀, mo wọlé láti wo ibi tó dé. Àwa méjì péré ló wà níbẹ̀. Ó dìde dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ó ní, "ṣé ọgbọ̀n ọjọ́ ni àwọn ìyá yìí fẹnu ara wọn sọ, àbí ọ̀rún mẹ́fà?"

"Kí ló fa ìbéèrè?"

"Màmá mi náà ń kó obì, sà. Bí wọ́n bá ní ọ̀rún mẹ́fà, kì í pé oṣù kan kí wọ́n tó ṣí i. Mo wá ń rò ó pé bóyá..."

"Ta ló ní kí o rò ó?" Ohùn mi le ju bí mo ṣe fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n n kò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. "Ṣé èmi ni o fẹ́ kọ́ ní obì? Èmi ọmọ Àjọkẹ́? Márùn-ún lọ́nà mẹ́fà, mélòó ni?"

"Ọgbọ̀n ni, sà."

"Tẹ ọgbọ̀n."

"Ó dáa, sà." Ó jókòó, ó tẹ ọgbọ̀n.

Ní oṣù kẹsàn-án, ẹ̀rọ náà pọ ìwé gígùn jáde, ó ti da ìdáhùn ọgọ́ta obìnrin pọ̀ mọ́ bí òjò ṣe rọ̀ àti bí ooru ṣe mú. Ó ní tó bá jẹ́ obì ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọgbọ̀n ọjọ́ ni. Nígbà tí obì ẹ̀ẹ̀rùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ní oṣù Kọkànlá, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Màmá Modúpẹ́ ní Ìkẹ́nnẹ́, ọ̀rẹ́ ìyá mi láti kékeré, ẹni tó wẹ̀ mí ní ọjọ́ tí wọ́n bí mi. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi fi apẹ̀rẹ̀ méjìlá dán an wò. Mo gbé kàlẹ́ńdà kọ́ sára ògiri rẹ̀, mo fi bírò pupa yí ọjọ́ tí yóò ṣí apẹ̀rẹ̀ po.

"Ẹ má fi ọjà kà á mọ́, Màmá. Èyí ni kí ẹ máa wò."

Ó wo kàlẹ́ńdà náà, ó tún wò mí. "Ó jìnnà lójú mi, Dọ̀tun."

"Ohun tí ẹ̀yin fúnra yín sọ ni. Ọgọ́ta yín lẹ sọ ọ́. Kọ̀ǹpútà kàn kó o jọ ni."

"Ó dáa. Ọmọ Àjọkẹ́ ò ní wí ohun tí kò mọ̀."

Nígbà tó di ọjọ́ tí mo fi pupa yí po, nínú oṣù Kejìlá, mo kó èrò lẹ́yìn lọ síbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ilésanmí, olórí ẹ̀ka wa, wá. Ọ̀gbẹ́ni Lásúnkànmí wá, a sì mú ayàwòrán dání. Àwọn obìnrin olóbì bíi mẹ́jọ jókòó sórí bẹ́ńṣì, wọ́n wé gèlè. Mo sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ìmọ̀ ìgbàlódé, mo ní kí Màmá ṣí apẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́.

Òórùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde. Ewé gbòdògì ti dúdú, ó lẹ̀ mọ́ra. Màmá tẹ ọwọ́ bọ inú apẹ̀rẹ̀, ó fa obì jáde, ó fi èékánná là á, kòkòrò funfun wà nínú rẹ̀. Ó mú òmíràn, bákan náà. Ó ṣí apẹ̀rẹ̀ kejì, ó ṣí ẹ̀kẹta. Kò pariwo. Ó ṣáà ń ṣí wọn lọ títí tó fi kan ìkejìlá, bí ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ rán tó gbọ́dọ̀ parí rẹ̀. Ayàwòrán náà rọra pa kámẹ́rà rẹ̀ dé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ilésanmí kọjú sí mi. "Owólabí, kí ló ṣẹlẹ̀?"

Gbogbo ojú wà lára mi. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ní, "Ó ní láti jẹ́ pé ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló ṣì í tẹ̀."

"Ṣìkẹ́mi?" ni Ọ̀gbẹ́ni Lásúnkànmí wí. Ó yíjú sí mi. "Dókítà, ṣé ó dá yín lójú?"

"Ta ló tún tẹ̀ ẹ́?"

N kò ní purọ́ fún yín. Lọ́jọ́ yẹn, mo gbà á gbọ́. Ó rọrùn láti gbà gbọ́. Káàdì tí ọmọ náà tẹ̀ ti di ohun tí wọ́n kó dànù kí tuntun lè ráyè, ìwé tí mo fọwọ́ ara mi kọ sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi, kò sí ẹni tó ní kí n mú un wá. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti fún Ṣìkẹ́mi ní lẹ́tà pé kó lọ jókòó sílé títí ìgbìmọ̀ yóò fi gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò. Mo pàdé rẹ̀ níwájú ilé kọ̀ǹpútà, ó ká súwẹ́tà rẹ̀ mọ́wọ́. Ó kí mi. Mo dáhùn, mo sì kọjá lọ.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀lé e, mo lọ bẹ Màmá Modúpẹ́. Kò bínú bí mo ṣe rò pé yóò bínú, èyí gan-an sì burú sí mi lára. Ó ní obì ti lọ, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i, ṣùgbọ́n ọkàn àwọn ẹgbẹ́ òun kò balẹ̀, wọ́n fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi.

"Wá lọ́rùn-ún òní," ó ní. "Màá ti pè wọ́n jọ sílé níbí. Kí o wá bá wọn sọ ọ́ fúnra rẹ."

Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí mi: Sátidé. Lọ́jọ́ Sátidé, mo wọ aṣọ tó mọ́, mo gbé mọ́tò lọ sí Ìkẹ́nnẹ́. Bẹ́ńṣì ti wà lórí ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Màmá nìkan ló wà nílé, ó ń ṣa ewé. Kò gbójú sókè nígbà tí mo kí i.

"Àná la retí rẹ," ó ní. "A jókòó títí oòrùn fi wọ̀. Èyí tó ti Ìrólú wá kò tilẹ̀ rí ọkọ̀ padà, ibí ló sùn."

"Màmá, ẹ ní ọ̀rún òní."

"Mo ní ọ̀rún òní." Ó gbé ewé sílẹ̀, ó na ọwọ́ òsì rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìka kọ̀ọ̀kan. "Mọ́ńdè tí o dúró níbí, ọ̀kan. Túsìdé, méjì. Wẹ́sìdé, mẹ́ta. Tọ́sìdé, mẹ́rin. Fúráìdé, márùn-ún. Ọ̀rún pé. Sátidé wo lo wá ń wí?"

Mo dúró, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀ tó ká sínú bẹ́ẹ̀.

"Bí ẹ bá wá fẹ́ ka ọ̀rún kejì ńkọ́, Màmá? Níbo lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀?"

"Fúráìdé náà ni. Ọjọ́ tó parí kan náà ló ń bẹ̀rẹ̀ èkejì. Ṣé ọjọ́ ọjà méjì ló wà ni?" Ó wá gbójú sókè wò mí. "Àjọkẹ́ ò kọ́ ẹ ni?"

Àjọkẹ́ kọ́ mi. Kí n tó mọ a, b, d ni mo ti ń tẹ̀ lé e lọ sọ́jà, tí mò ń fi ìka ọwọ́ mi ka ọjọ́ tí a ó tún lọ. Òní wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni láti ọjà kan dé èkejì, gbogbo ọmọ Rẹ́mọ tó bá ti gbé igbá rí ló mọ̀ ọ́n. Ọ̀rún mẹ́fà kì í ṣe ọgbọ̀n ọjọ́. Ọjọ́ mẹ́rìnlélógún ni. Èmi tí wọ́n tẹ́ sínú apẹ̀rẹ̀ obì, èmi ni mo fi ọjọ́ mẹ́fà kún obì Màmá Modúpẹ́, ọmọ tó bi mí léèrè ni mo sì lé lọ sílé.

Ó yẹ kí n sọ ọ́ níbẹ̀. Ẹnu mi là, ohun tó sì jáde ni pé ara mi kò yá láti ìjẹta, ẹ má bínú, Màmá. Ó ní kí n jókòó, ó lọ bu omi wá fún mi.

Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì, mo ti ilẹ̀kùn, mo kó ìwé náà jáde. Bírò dúdú mi wà níbẹ̀ gàdàgbà-gàdàgbà, ọgbọ̀n, ọgbọ̀n, márùndínlọ́gbọ̀n, ọgbọ̀n, lójú ewé mọ́kànlélógún. Létí ewé àkọ́kọ́, ẹnìkan ti fi pẹ́ńsù kọ ọ́ tín-ín-tìn-ín: "24?" N kò rí i tẹ́lẹ̀, nítorí pé n kò tún yẹ ìwé náà wò rí lẹ́yìn tí ó dé ọwọ́ mi padà. Mo gbórí lé tábìlì. Ojú tì mí, ojú tì mí débi pé n kò fẹ́ rántí ojú ìyá mi.

Ṣé ẹ rò pé mo wá lọ jẹ́wọ́? Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n fojú àánú wo ọmọbìnrin náà, pé ọmọdé ni, pé iṣẹ́ pọ̀ fún un, pé èmi tí ọ̀rọ̀ kàn ti dárí jì í. Mo kọ "dárí jì í", mo sì fọwọ́ sí i. Mo ronú pé bó bá ti rí iṣẹ́ rẹ̀ padà, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn, kò sí ẹni tí yóò mọ nǹkan kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ilésanmí bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní onínúure ni mí. Ìgbìmọ̀ ní kí Ṣìkẹ́mi padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe sídìí ẹ̀rọ mọ́. Yàrá tí wọ́n ti ń pín lẹ́tà ni kó lọ, wọ́n sì fi ìwé ìbáwí sínú fáìlì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ pé wọ́n fẹ́ rán an lọ kọ́ṣẹ́ parí síbẹ̀.

Ọ̀sán Sátidé kan nínú oṣù Kìíní ni wọ́n kan ilẹ̀kùn mi. Ṣìkẹ́mi ni, àti ìyá rẹ̀, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ru abọ́ ńlá. Iṣu ló wà nínú rẹ̀, àti obì gbànja tí wọ́n fi ewé gbòdògì tútù dì. Kí n tó sọ pé ẹ káàbọ̀, ìyá náà ti to iṣu àti obì náà sílẹ̀, ó sì ti wà lórí ìkúnlẹ̀ láàrin pálọ̀ mi.

"Ẹ ṣeun o, Dókítà," ó ní. "Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má lé ọmọ mi. Ẹni tí ọmọ mi ṣẹ̀ náà ló tún bẹ̀bẹ̀ fún un. Kò sí irú yín mọ́. Ṣìkẹ́mi, kúnlẹ̀, dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

Ṣìkẹ́mi kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. "Ẹ ṣé, sà," ó ní. Ilẹ̀ ló ń wò. Kò gbójú sókè rárá, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Ó mọ̀. Ó ti mọ̀ láti ọjọ́ tó ti fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà yẹn, ó sì tún wá kúnlẹ̀ fún mi, nítorí pé ta ni yóò gbọ́ tirẹ̀ níwájú tèmi.

Mo ní, "Ẹ dìde, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

"Mo ṣì ń dúpẹ́ ni."

"Ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọmọ yín ò ṣe àṣìṣe kankan. Èmi ni mo ṣì í kà. Ọ̀rún mẹ́fà, mo pè é ní ọgbọ̀n ọjọ́. Ó sọ fún mi, mo jágbe mọ́ ọn, mo sì tún gbé ẹ̀bi rẹ̀ kọ́ ọ lọ́rùn."

Ìyá náà wò mí, ó wo ọmọ rẹ̀. "Òótọ́ ni?"

Ṣìkẹ́mi mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ìyá náà dìde. Ó gbọn eruku kúrò léékún rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀, ó ń kó iṣu tó ti tò sílẹ̀ padà sínú abọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kó obì náà lé e lórí. Kò sáré rárá. Mo fẹ́ bá a gbé e, ó sún abọ́ náà kúrò lọ́wọ́ mi.

"Ẹni tí mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò sí nílé," ó ní, ó sì jáde lọ dúró síta.

Ṣìkẹ́mi kò tẹ̀ lé e. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, sà."

Mo jókòó, mo kọ ọ́ sí ìgbìmọ̀. Mo kọ ọ́ pé èmi Olúdọ̀tun Owólabí ni mo ṣi ọjọ́ kà, pé ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò jẹ̀bi, pé kí wọ́n dá a padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, kí wọ́n sì yọ ìwé ìbáwí kúrò nínú fáìlì rẹ̀. Mo nà án sí i. Ó kà á láti òkè délẹ̀, bó ṣe máa ń ka ìwé mi kó tó tẹ̀ ẹ́, ó sì fi í padà síwájú mi.

"Ó ku ibì kan, sà."

"Ibo ni?"

"Ẹ ò kọ ọ́ pé mo béèrè."

Mo mú bírò. Lábẹ́ ibi tí mo ti fọwọ́ sí i tẹ́lẹ̀, mo kọ ọ́ pé Ṣìkẹ́mi Afọláyan béèrè ní oṣù Kẹfà bóyá ọ̀rún mẹ́fà ni àbí ọgbọ̀n ọjọ́, pé mo ní ta ló ní kó rò ó, pé mo ní kó tẹ ọgbọ̀n. Lórí ìwé, ọ̀rọ̀ náà kò gùn ju ìlà méjì lọ. Mo tún fọwọ́ sí i.

Ó ká a, ó fi í sínú báàgì rẹ̀. "Èmi fúnra mi ni n óò mú un lọ," ó ní, ó sì lọ bá ìyá rẹ̀ níta.